Ó Ti Lọ, Ó Lọ

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní Grimsby, lókè ilé ìkàwé,
òórùn ẹja bá wọn gun àtẹ̀gùn.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fọṣẹ fọwọ́,
òórùn ò gbọ́.
Danguolė jókòó ti ẹ̀rọ amúlégbóná,
ó ń wo ìka òrùka rẹ̀, níbi tí awọ ti funfun,
ó sì sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́:
"Mo sọ òrùka mi nù."

"Nígbà wo?" Míìsì Oxtoby ti ṣí bírò pupa.
"Lọ́jọ́ Ẹtì. Láàárín yìnyín àti kọ́ọ̀dù."
"Ṣé o ti rí i?"
"Rárá."
"Ó dáa. Bí o bá dárúkọ ọjọ́, má fi 'have' sí i,
ọjọ́ Ẹtì ti tìlẹ̀kùn, ó ti lọ sùn.
Bí o ò bá dárúkọ ọjọ́, tí ìka rẹ ṣì ń wá a,
'have' ni kí o mú.
Ohun àná ni, àmọ́ ó ṣì jókòó tì ọ́."

Òrùka kan náà. Yìnyín kan náà.
Danguolė ń rò ó: ta ló wá ń pinnu,
ọjọ́ ni, àbí ẹnu mi?

Àwa tí wọ́n bí sínú "ti", a ò mọ̀ pé à ń yan nǹkan.
A ní, "Ó ti dé lánàá,"
kò sólùkọ́ tó máa fa ilà pupa sábẹ́ rẹ̀.
Èdè ti Danguolė ní ìrù kan tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọ̀rọ̀
fún ohun tí èèyàn máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe mọ́:
bàbá rẹ̀ a máa lu yìnyín adágún, a máa pẹja nínú ihò,
ìyá rẹ̀ a máa dúró léti ilẹ̀kùn, a máa bú u.
Sílébù méjì péré, gbogbo ìgbà èwe wọ̀ ọ́.

Rêbwar onígbàjámọ̀ nawọ́.
"Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Nashville. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán,
kò lo 'have', wọn ò sì lé e nílùú."
"Òkun ló wà láàárín wa," ni Míìsì wí. "Níbí, ẹ lò ó."
Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ó wá kọjú sí pátákó.
Ó ní ẹni tó lọ tó sì ti bọ̀, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀;
ẹni tó lọ tí kò tíì dé, ọ̀tọ̀.
Ó kọ àpẹẹrẹ, ọwọ́ rẹ̀ ò rò ó kó tó kọ ọ́:
Raymond has gone to sea.

Bírò dúró.

Ọkọ ló bá ọkọ̀ lọ,
síhà Áísílàǹdì, nínú oṣù Èrèlé,
àkọ́bí wọn ń rákòrò nígbà náà.
Àkọ́bí ọ̀hún ti hu ewú.
Danguolė mọ òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì,
ibẹ̀ ló ti máa ń dúró de bọ́ọ̀sì:
orúkọ wà lára rẹ̀, ọdún wà, oṣù wà, ọjọ́ wà.
Ọjọ́ wà.

Òun tí kì í jẹ́ kí àṣìṣe kọjá,
ojú fèrèsé ló ń wò.
Rêbwar ń gbẹ́ pẹ́ńsù tó ti mú tẹ́lẹ̀.
Míìsì mú aṣọ ìnupátákó, ó gbé e sílẹ̀.
"Ẹ dà á kọ," ó ní.
Wọ́n dà á kọ bó ṣe wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní ilé-iṣẹ́ ẹja,
wọ́n fún Danguolė ní fọ́ọ̀mù nǹkan tó sọnù.
Ó kọ orúkọ. Ó kọ: wúrà, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti há díẹ̀.
Ó kọ gbólóhùn rẹ̀, ó fi "have" sí i.
Níwájú ibi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́,
ó gbé bírò sókè díẹ̀,
ó sì fò ó.