Apá Òsì

Ọyẹ́ ti wọ Abẹ́òkúta láti ọjọ́ márùn-ún,
eruku jókòó sórí páànù Ìbarà bí àlejò tí kò mọ ilé rẹ̀ mọ́,
ètè gbogbo wa là.
Ní ọsibítù wa lẹ́yìn Kútọ̀
kúlà aláwọ̀ aró kan wà lórí tábìlì mátíróònì,
yìnyín inú rẹ̀ ń yọ́,
ìwé orúkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:
orúkọ mẹ́tàlélógójì,
ìfọwọ́sí mẹ́fà.

Abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn ni. Tiwa ni, àwa òṣìṣẹ́.

Ṣówándé inú yàrá oògùn rẹ́rìn-ín:
"Ọ̀fìnkìn? Èyí tí mo máa ń fi ata rodo lé lọ?"
Dókítà Ṣódẹ̀ẹ́yẹ ní òun ń bọ̀.
Láti àná ló ti ń bọ̀.
Ìyá Ìbídùn tó ń nu ilẹ̀ ní wọ́n gún òun léṣìí,
ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ibà dé.
(Bí ẹni pé ẹ̀fọn Lafẹ́nwá ń gbàṣẹ kó tó jẹ ni.)
Èmi ńkọ́?
Mo gba ẹ̀yìn jáde.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gún èèyàn.
Mo ti gún itan ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ti gún ìdí sọ́jà;
ohùn mi a máa dùn bí mo bá ń purọ́ pé kò ní dun ni.
Ṣùgbọ́n kí n ká apá aṣọ tèmi sókè?
Ẹ̀rù ni. Mo ti sọ ọ́.
Kì í ṣe ìmọ̀, kì í ṣe ìgbàgbọ́,
bí mo tilẹ̀ ń fi méjèèjì bò ó mọ́lẹ̀.

Léṣìí, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wúkọ́ wọṣẹ́.
A ò pọ̀ ní wọ́ọ̀dù, ta ni ì bá dúró fún mi?
Bàbá Akíngbadé, ibùsùn kẹsàn-án, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ti jiná,
ó ti ń bi mí léèló ni ọkọ̀ Ọ̀dẹdá.
Mo bẹ̀rẹ̀ kí n tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Mo sín.
"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni bàbá wí.
Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ikọ́ ti gba àyà rẹ̀.
Ọkọ̀ tó gbé e dé Ọ̀dẹdá, kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé èmi ni? N ò mọ̀.
Ikọ́ kì í kọ orúkọ ẹni tó gbé e wá sílẹ̀.
Àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọlé,
mo ń ka gbogbo wọn lóru
bí ẹni ń ka owó tí kò pé.

Lónìí, níbi àjẹsára ọmọdé,
ìyá ìkókó kan ka ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri,
ó wò mí:
"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà ti gba tiyín?"
Kò bú mi. Ó kàn bèèrè ni,
bí a ti ń wo ọrùn ẹni tó fẹ́ dá wa láṣọ.
Abẹ́rẹ́ gan mọ́ mi lọ́wọ́.

Aago mẹ́rin kọjá. Mátíróònì ti fẹ́ dé kúlà.
Mo jókòó, mo kọjú sí fèrèsé:
ọ̀kadà kan ń fi agbára káká gun òkè.
Kó tó dé orí, "Ó tán," ni mátíróònì wí.

Mo fọwọ́ síwé. Ẹni keje.
Mo padà sí wọ́ọ̀dù, n ò sọ apá aṣọ kalẹ̀.
Ṣówándé rí òwú lápá mi.
"Ó dùn?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn.
Ó wo òwú náà títí.
Ó ní òun ń bọ̀.