Ìṣó Bàbà

Ìṣó kan wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó gùn tó ìka àárín mi,
òun ni ìyá mi ń fi kàlẹ́ńdà kọ́.
Bí àlejò bá béèrè, a ó ní: ara ọkọ̀ ogun ni.
Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òkun jìnnà sí Òṣogbo.
Odò tiwa, ọmọdé ń fẹsẹ̀ là á kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bàbá mi, akọ̀wé réluwé, fẹ́ rí òótọ́ nínú ìwé.
Ó kọ lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù.
Oṣù méje kí èsì tó dé, ojú ìwé kan péré:

Sípárò. Òpó ìgbòkun méjì. Àgbá mẹ́wàá.
Ọkùnrin márùndínláàádọ́rin, ọmọdékùnrin mẹ́jọ.
Lẹ́tà ló kọ́kọ́ ń gbé kiri.
Ó lé àwọn tó ń gbé ọtí sá fún owó ibodè.
Ó forí sọ iyanrìn; wọ́n tún un ṣe.
Ọdún márùn-ún ní etíkun Áfíríkà, ọkọ̀ ẹrú mẹ́jọ ló mú.
Ibà pa ọ̀gá rẹ̀ méjì.
Wọ́n sọ ọ́ di ilé èédú ní Fìrítáùn,
wọ́n sì tà á fún àwọn atúkọ̀-palẹ̀.

Bàbá mi wá orúkọ Ọ̀ṣúnníyì títí, kò rí i.
Ìlà kan ló wà lábẹ́ ọkọ̀ karùn-ún:
ènìyàn òjìlérúgba ó lé méjì.
Ìyá àgbà ní, "Nínú méjì tó lé yẹn ni bàbá mi wà,
òun àti Àyọ̀ká àbúrò rẹ̀."

Ìyá àgbà ló sọ ìyókù.
Wọ́n wà lábẹ́ pákó, wọ́n gbọ́ àgbá,
wọ́n rò pé òjò àkọ́rọ̀ ni.
Wọ́n ṣí ìdérí, oòrùn ta wọ́n lójú bí ata.
Ọ̀ṣúnníyì wo ọkọ̀ tó gbà wọ́n:
ó kéré sí èyí tó kó wọn, ìgbòkun rẹ̀ kún fún àbùlẹ̀.
"Ṣé èyí náà ló lé wa bá?"
Atukọ̀ dúdú kan tó gbọ́ èdè díẹ̀ dá a lóhùn
pé ẹyẹ ni wọ́n fi sọ ọ́, èyí tí ń kọ́lé sábẹ́ òrùlé.
"Ológoṣẹ́!" Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀nà oko.
"Ológoṣẹ́ ló lé àwòdì."

Àyọ̀ká kò dé èbúté.
Lọ́jọ́ kọkànlá, àjákù ìgbòkun ni wọ́n fi wé e.

Ọ̀ṣúnníyì kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Fìrítáùn, ó pẹ́ níbẹ̀.
Nígbà tí wọ́n ń tú Sípárò, wọ́n gbà á síṣẹ́.
Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ìṣó yọ nínú ìhà ọkọ̀ tó gbà á.
Àwọn ìyá olóúnjẹ ra pákó rẹ̀, wọ́n fi se ìrẹsì.
Ìṣó kan ló dì mọ́ ṣòkòtò,
gba Èkó, gba Abẹ́òkúta, rìn wọ Òṣogbo.
Ilé bàbá rẹ̀ ti wó. Ó mọ òmíràn,
ó kan ìṣó náà mọ́ ọn kó tó fi koríko bo òrùlé.

Lọ́dún tó kọjá, Akínfẹnwá akunlé fẹ́ yọ ọ́,
ó ní kò jẹ́ kí ọ̀dà òun jọ̀lọ̀.
Ìyá mi gba hámà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó lé e.
Akínfẹnwá kùn ún yí i ká.

Kàlẹ́ńdà ti ṣí sí oṣù Agẹmọ.
Omi Ọ̀ṣun ti ń wọ àgbàlá.