Àmì Ohùn Ìsàlẹ̀

Láti Òkè-Fìà dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, "Ṣáínà" ni wọ́n ń pè é.
Kì í bínú. "Fiẹtinámù ni," ni yóò wí jẹ́jẹ́,
bí ẹni tó ń dá ṣéńjì tó lé padà fún ọlọ́jà.
Lài lorúkọ rẹ̀. Ayàwòrán ni.
Yàrá ẹ̀yìn ló gbà lọ́wọ́ ìyá mi àgbà, Àlájà Rafátù aláró,
òun àti àpótí kan tí kò tú ẹrù inú rẹ̀ tán rí.

Kí oṣù tó pé, ó ti mọ ẹ̀kọ láfún í rò.
Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń ya ọkọ̀ ojú omi sára aṣọ,
ọkọ̀ kékeré, orí èèyàn kún inú rẹ̀ bí ẹ̀wà nínú kóńgò.
Ṣùgbọ́n kò jẹ́ bá wa dé etí odò.

Lọ́jọ́ kan, ó fi ẹ̀kọ bo ibì kan láàárín aṣọ.
Kò ya nǹkan kan. Ó kàn bò ó,
gígùn rẹ̀ kò ju apá mi lọ.
A rẹ ẹ́ sínú aró, a sá a, a họ ẹ̀kọ kúrò:
gbogbo aṣọ dú bí òru, ibẹ̀ nìkan ló funfun.
Màmá wò ó títí. "Ọmọ ta ni?"

Lài jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Ó ní òru ni àwọn fi sá, nínú ọkọ̀ apẹja;
kí ṣọ́jà etíkun má baà gbọ́ igbe,
wọ́n fún àwọn ìkókó ní oògùn oorun.
Àbúrò òun kò jí.
Ìyá òun ń fún un lọ́mú títí ilẹ̀ fi mọ́.

Màmá kò sọ pé pẹ̀lẹ́.
Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde,
ti ilẹ̀kùn Kùmásì.
Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìjọba Gáná fún wọn lọ́jọ́sí.
Ó ní òun ti ilẹ̀kùn náà dáadáa, òun tún padà lọ mì í wò.
"Ṣé ilé náà ṣì wà?" ni mo bi í.
"Mi ò béèrè."

Lẹ́yìn náà ló ní: "Kí lorúkọ ọmọ?"
Lài mú èédú, ó kọ ọ́ sára ògiri:
Hà.
Odò ló ń jẹ́ lédè wọn.
Ní Kánádà, kò sẹ́ni tó pè é tó jọ ọ́;
ilà orí rẹ̀, wọ́n á ní ìdọ̀tí ni.

Ìwé karùn-ún ni mo wà.
Pàṣán ni Tíṣà Ládépò fi kọ́ wa ní àmì ohùn.
Mo wo ilà tó ń sọ̀ kalẹ̀ náà.
Dò ni, mo ní.
Mo pè é.

Lài gbójú sókè.
"Tún un pè."