Ìjánu

Ìṣó mẹ́ta ló wà lára ògiri bàbá ìyá mi
ní yàrá kan ṣoṣo, ẹ̀yìn rélùwéè, Èbúté-Mẹ́ta.
Àkọ́kọ́ gbé kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá.
Ìkejì gbé fìlà ṣọ́jà tí kòkòrò ti tọ́ wò.
Ìkẹta, ìjánu ni.
Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń fi òróró àgbọn pa á,
bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnu ẹṣin kankan nílé wa.

Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀-Ọrun,
nítorí itan rẹ̀ méjèèjì ti bá ara wọn jà, wọn ò pàdé mọ́.
Ó ń rìn bí ẹni pé ẹran kan ṣì wà láàrin wọn
tí ojú tiwa ò tó.

Ó ní, "Ẹṣin ni mo bá níṣẹ́ ní Kàdúná.
Pupa ni. Dánjúmà lorúkọ rẹ̀. Ó máa ń jí àlùbọ́sà jẹ.
Nígbà tí ogun dé, wọ́n fi àwọn ẹṣin sílé,
wọ́n kó àwa sínú irin.
Ẹṣin irin, ọmọ mi, tí ń mu epo,
tí kò mọ orúkọ rẹ,
tí kì í dúró bó o bá já bọ́."

Ibẹ̀ ló máa ń bá a dé.
Lẹ́ẹ̀kan péré, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú iná lọ,
ó tẹ̀ síwájú nínú òkùnkùn:
"Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.
Ti Terungwa ló wà níwájú.
Ó gbaná lórí afárá.
Àwa tá a wà lẹ́yìn, kí la fẹ́ wò?"
Mo gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ń pa orúnkún ara rẹ̀,
bí ẹni ń pẹ̀tù sí ẹran tí ẹ̀rù bà.

Lóṣù tó kọjá, a lọ fojú hàn ní Ìkòyí
pé afẹ̀yìntì ò tíì kú.
Ẹ̀yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n tó pe "Ráìmì Àjàgbé".
Akọ̀wé ò gbójú sókè: "Irú ṣọ́jà wo?"
"Ẹlẹ́ṣin."
"Ẹlẹ́ṣin ò sí nínú fọ́ọ̀mù, bàbá."
Ó ní kó kọ ohun tó bá wà níbẹ̀.
Ọmọbìnrin náà kọ "dẹ́rẹ́bà".

Kò fẹ́ relé. A wọkọ̀ lọ sétí òkun.
Ọmọkùnrin kan ń fi ẹṣin gbé èèyàn níbẹ̀, fọ́tò lọ́tọ̀.
Ẹṣin náà rù, eegun ìhà rẹ̀ ṣeé kà.
Bàbá àgbà ò bèèrè iye.
Ó dẹ okùn ìgbáyà ní ihò méjì,
ó fi ìka ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹran náà,
ó rí egbò tí ìjánu tó ti dógùn-ún dá síbẹ̀,
ó wá bú ọmọ náà ní Haúsá, ó bú u ní Yorùbá,
ó tún fi èdè kan bú u tí n ò gbọ́ rí.
Ọmọ náà fẹ́ fèsì. Ó wo ẹsẹ̀ bàbá. Ó panu mọ́.

Ẹṣin gbórí lé e léjìká.
Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀,
omi ń kan bàtà ẹnì kan, pátákò ẹnì kejì.

"Bàbá, ẹ gùn ún. N ò ní í gbowó."
Ó mi orí.
"Ṣé wọ́n ní bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀?
Èmi ti sọ̀ tipẹ́.
Bu omi fún un."

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìṣó kẹta ti ṣófo.
N ò bèèrè.
Òróró àgbọn tó kù nínú ìgò,
orúnkún ló fi ń pa.