Ọkọ̀ Rauha

Oṣù kẹrin, yìnyín kò tí ì kúrò létí èbúté Naantali.
Ọkọ̀ náà jókòó lórí igi, tapólì bò ó mọ́lẹ̀
bí aláìsàn tí wọn ò jẹ́ kó dìde.

Ilmari fi ìka kan ìhà rẹ̀, kó, kó, kó,
ó rọra, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna.
Níwájú ó dún gbọin-gbọin.
Lẹ́yìn, ó dún bọ̀ọ̀.
A wo ara wa.

Mo wọ inú rẹ̀. Òórùn dísù,
aṣọ ìgbòkun tó ti bu,
agolo kọfí tó kún fún ìṣó,
ìbọ̀wọ́ òsì kan. Èkejì dà?
Lábẹ́ ibùsùn, ìwé ìrìnàjò, ojú ewé tó kẹ́yìn:
“Kò sí atẹ́gùn. A dúró. A se ẹja.”

Owó ilé lowó tó wà ní báńkì.
A ti jọ fẹnu kò: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni kí wọ́n yọ fún wa.
Màmá Rauha ń da kọfí sínú ago, wọn ò wò wá.
“Ọkọ ló lọ,” wọ́n ní, “ọkọ̀ ló kù.
Mi ò lè máa gbá yìnyín kúrò lórí àwọn méjèèjì.”

Ẹnu mi yá ju ọgbọ́n lọ:
mo ní iye tí wọ́n pè é la ó san.
Ilmari gbójú sókè sí òpó,
ó ń rẹ́rìn-ín ni o, ó ń bínú ni o, n kò mọ̀.

Nínú mọ́tò, kẹ́kẹ́ pa títí dé Raisio.
Ó wá ní, “Ta ló tiẹ̀ mọ ọkọ̀ tù nínú àwa méjèèjì?”
Mo tọwọ́ bọ àpò kí n wá ohun tí mo máa sọ,
mo bá ìbọ̀wọ́ òsì náà níbẹ̀.
N kò mọ ìgbà tí mo mú un.