Òkúta Ẹ̀bá Ààrò

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ìyá mi ti so okùn bàtà,
ó ti fi ewé kókà mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́,
ó ní, "Hilario, gbé omi. Má gbàgbé ẹ̀wù òjò."
Àlejò mẹ́rin ń dúró lẹ́bàá afárá:
ọkọ àti ìyàwó tó ń jà lórí fìlà kan,
ọmọbìnrin tó ń ya àwòrán ohun gbogbo, títí kan ìgbẹ́ láámà,
àti ìyá àgbà kan láti ilẹ̀ Ṣílè,
Dóńyà Griselda, tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Wákàtí mẹ́ta péré ni ìrìn náà, bí ìwé ti wí.
Ìwé ò mọ òkè.
Òkè kì í ka wákàtí, èémí ló ń kà.
Ìyá mi ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ilẹ̀ lójú oorun,
ẹsẹ̀ kan, ìsinmi; ẹsẹ̀ kan, ìsinmi.
Ó ní ẹni tó bá sáré níbí, orí fífọ́ ni yóò jẹ láàárọ̀.
Ọkọ sáré.
Kò pẹ́ tó fi jókòó sórí àpáta, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun.
Ìyàwó rẹ̀ rọra ṣí fìlà lórí rẹ̀, ó dé e.
Ìjà parí.

Èmi ló wà lẹ́yìn pẹ̀lú Dóńyà Griselda.
Tuku, ìbaaka wa, kọ̀, kò gbé e:
ó wo obìnrin náà, ó wo òkè, ó dijú.
Kẹ́ṣúà ni ìyá mi fi bú u,
Sípáníìṣì ló fi tọrọ àforíjì.
Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rìn. Ìyá àgbà bi mí léèrè ọjọ́ orí mi.
Ó ní ọkọ òun ló ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì,
ó sì kú ní oṣù kan ṣáájú ìrìn àjò.
"Mo mú tirẹ̀ náà wá," ó wí, ó fọwọ́ lu àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Nígbà tí ìkùukùu là, Ritikancha yọ:
ògiri tí kò ní amọ̀ láàárín,
òkúta fèjìká ti òkúta,
ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò ríhò gbà.
Ẹnu ọ̀nà fẹ̀ nísàlẹ̀, ó há lókè,
bí ẹni tó yasẹ̀ de ìmìtìtì ilẹ̀.
Òrùlé koríko ti lọ tipẹ́. Ọ̀run ló ń bo yàrá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi sọ fún àwọn ará Jámánì
pé àká àgbàdo ọba Ínkà ni.
Lónìí, ayàwòrán bèèrè, "Kí ni wọ́n ń ṣe níbí?"
Ìyá mi dákẹ́. Afẹ́fẹ́ gba àárín wa kọjá.
"Mi ò mọ̀," ó wí. "Ẹni tó mọ̀ ò kọ ọ́ sílẹ̀.
Ọ̀gá wa ní ká máa pè é ní àká.
Bàbá bàbá mi ń pè é ní ilé àwọn àgbà,
síbẹ̀ òun náà kó òkúta rẹ̀ fi ṣe ọgbà àgùntàn."
Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.
"Ọ̀kan wà lẹ́bàá ààrò mi. Orí rẹ̀ ni mò ń sọ ìkòkò ọ̀dùnkún kà.
Mi ò tíì sọ fún àlejò kankan rí."
Ẹnikẹ́ni ò ya àwòrán.

Ìgbà náà ni Dóńyà Griselda yọ tíkẹ́ẹ̀tì kejì,
ó ká a kéré bí ìka ọmọ ọwọ́,
ó ń wá àlàfo láàárín òkúta méjì.
Ó wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn.
Àwọn tó mọ ògiri náà kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Mú un wá," ìyá mi wí.
"Tiwa nílé ní àlàfo."

Ní alẹ́ Sunday, mo gbé ìkòkò kúrò lórí òkúta.
Etí ìwé kékeré kan yọ síta, èéfín ti pa á lárọ̀.
Mo fi ìka tì í wọlé padà,
mo sì pe ìyá mi pé oúnjẹ ti jinná.