Ilé Iwin ní Ìtòkò

Alẹ́ tó kẹ́yìn nínú Ọ̀wàrà,
Fọláṣayọ̀ kó wa lọ wo ilé iwin ní Ìtòkò.
Ẹgbẹ̀rún náírà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, owó tọ́ọ̀ṣì lọ́tọ̀.
Páànù ti dípẹtà,
àpáta ti fẹ̀yìn ti ògiri ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ dákẹ́," ó ní, "ẹ óò gbọ́ ikọ́ rẹ̀."
A dákẹ́.
Ilẹ̀kùn yàrá kejì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Adétómiwá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, bàtà rẹ̀ kan kù sílẹ̀.
Fọláṣayọ̀ tó gbowó ló kọ́kọ́ dé géètì.

Èmi kò sá.
Mo mọ àgbékọ́ ilẹ̀kùn yẹn:
Ìyá Àgbà a máa fi àdí pa á lálaalẹ́
kó má baà jí wa.
N kò sọ fún wọn pé ilé wa ni.
Mo rọra fà á dé,
mo ní, "Ó dàárọ̀ o, Màámi,"
mo sì mú bàtà ọ̀rẹ́ mi.